Ẹni Tí Àlùbọ́sà Fi Gbẹ̀yìn

Láti ìgbà tó ti wà ní tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Àlùbọ́sà. Ohun kan tó fà á ni pé èèpo àlùbọ́sà ló máa ń kọ́kọ́ fi han ọmọ tuntun nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì. Á bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín èèpo méjì, á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, á kán aró díẹ̀ sí i, á sì ní kí wọ́n wá wò ó níkọ̀ọ̀kan lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Kí lẹ rí?"

"Ilé ni, mà. Ilé tó to ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù."

"Ẹ kú ojú. Sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi mọ ẹ̀yin náà nìyẹn, torí náà kí ẹnikẹ́ni má gbéra ga sí àlùbọ́sà mọ́."

Ohun kejì ni pé ìdánwò rẹ̀ máa ń pa wọ́n lẹ́kún.

Ọkọ rẹ̀ ló mú orúkọ náà wọlé. Nígbà yẹn kò tíì di ọkọ. Olùkọ́ ìṣirò ni, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín kíláàsì àwọn méjèèjì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa kọ́kọ́ yọ lójú kó tó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu. Ojoojúmọ́ ló ń wá yá ṣọ́ọ̀kì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀kì mi ti tán."

"Èyí tí mo fún yín lánàá ńkọ́?"

"Mo fi ṣírò bẹ́ ẹ ṣe lẹ́wà tó ni. Kò tó."

Kíláàsì hó yèè. Àlùbọ́sà na rúlà sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ gan-an ló yẹ kó nà á sí, nítorí ó ti ń lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn. Ọdún yẹn kò parí tí wọ́n fi ṣègbéyàwó.

Ẹni tó bá ti ní ìfẹ́ gidi rí á mọ̀ pé kékeré ni ìjà rẹ̀ máa ń jẹ́. Ẹran ni tiwọn. Àlùbọ́sà máa ń ti ẹran rẹ̀ sí etí abọ́, á jẹ oúnjẹ tán pátá kó tó kàn án. Ọkọ rẹ̀, ẹran ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ti jẹ tirẹ̀ tán, á gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, á máa wo ti ìyàwó.

"Má wo ẹran mi o."

"Ta ló ń wò ó? Òun ló ń wò mí."

"Ohun tó dùn là ń fi gbẹ̀yìn, kí adùn ẹ̀ lè pẹ́ lẹ́nu."

"Irọ́ ńlá. Ohun téèyàn bá fẹ́ràn jù ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó fi ẹran gbẹ̀yìn, ológbò ló ń bá tọ́jú ẹ̀."

Kó tó sọ ọ́ tán, ẹran ti kúrò lábọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, á ké láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé: "Ìyàwó mi, má wulẹ̀ dá a lóhùn. Látìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń jí ẹran."

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkọ rẹ̀, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Nígbà tí sòkòtò rẹ̀ ń jábọ́ ní ìdí, wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ọjọ́ tí dókítà pe orúkọ àrùn náà ní jẹjẹrẹ ìfun, Àlùbọ́sà tó ti ń fi sẹ́ẹ̀lì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí jókòó bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́. Ó mọ jẹjẹrẹ lójú pátákó: sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó kú tó kọ̀ tí kò kú, tó ń bí ara rẹ̀ lọ láìgbàṣẹ. Kò mọ̀ ọ́n lórí ibùsùn ọkọ rẹ̀.

Kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn olùwádìí ọsibítù wá bi í bóyá á yọ̀ǹda fún wọn kí wọ́n mú díẹ̀ lára kókó tí wọ́n bá gé kúrò, kí wọ́n tọ́ ọ nínú àwo fún ìwádìí.

"Díẹ̀ kẹ̀? Ẹ kó gbogbo ẹ̀. Ẹ má dá ṣéńjì padà."

Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ náà ṣì ní eruku ṣọ́ọ̀kì lára.

"Àlùbọ́sà mi, padà sílé ìwé."

"Ṣé irú ọ̀rọ̀ tó kàn nìyẹn?"

"Òun ló kàn. Ohun tó ń jẹ mí yìí, lọ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Kì í ṣe torí tèmi o. Torí ẹni tó bá tún dùbúlẹ̀ síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Bí nǹkan yẹn bá sì gbà láti wà láàyè nínú àwo wọn, ìwọ ni kó o máa bọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí àlejò máa bọ́ mi."

Ó ṣèlérí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ kú, láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń pín tíì fún àwọn aláìsàn. Ife tirẹ̀ wà lórí tábìlì títí ó fi tutù, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e.

Àlùbọ́sà kò fi ìlérí náà ṣeré. Ó padà sí yunifásítì, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ tó lè bí lọ́mọ, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ohun tó ń jẹ èèyàn tí kì í yó. Nígbà tí wọ́n fún un ní oyè dókítà, kò sẹ́ni tó fi pè é. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò fi iṣẹ́ ìkọ́ni sílẹ̀. Láàárọ̀, á dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, á wọ aṣọ funfun, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á sì wọ yàrá ìwádìí níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó tí wọ́n ń gé lára aláìsàn kì í gbà láti wà láàyè nínú àwo. Tirẹ̀ gbà. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí àwo, ó ń pín, ó ń pọ̀, nínú àpótí kan tí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àyà èèyàn. Bí àwo bá ti kún, wọ́n á pín in sí òmíràn. Oúnjẹ rẹ̀ ni omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ́n bí ojú, tí wọ́n ń fi páípù kékeré fà látinú ìgò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti jẹ ẹ́, pupa náà á di yẹ́lò.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ló ní ìnagijẹ, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn lára kò ṣeé fi ṣàwàdà. Ti ọkọ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò. Èyí tó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni Wọ̀bìà. Ara obìnrin kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ lọ́nà jíjìn ni wọ́n ti mú òun, gbogbo yàrá ìwádìí ló sì ní in, nítorí kò sóhun tó ń ṣe é. Ibi tí wọ́n bá fi í sí ló ń gbilẹ̀. Wọ́n á bu oúnjẹ sí i lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ tán tó ti di yẹ́lò.

"Wọ̀bìà ti tún lá abọ́," àwọn òṣìṣẹ́ á ní. "Ẹ bá a wá ọkọ, bóyá ara ẹ̀ á balẹ̀."

Àlùbọ́sà á kọ́kọ́ fún Wọ̀bìà lóúnjẹ kí ó kúrò lọ́nà, á fún àwọn yòókù, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò á sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ tán, kí ọkàn òun balẹ̀, kí ó ku òun àti ọkọ òun. Ohun tó dùn là ń fi gbẹ̀yìn. Á fa àga mọ́dìí, á gbé àwo náà sábẹ́ awò, á sì máa ròyìn ilé fún un: òrùlé tún ti ń jò, Ìyá àti obìnrin ilé kejì kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀, ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìdánwò pé kíndìnrín ni èèyàn fi ń ronú. Àwọn ọkùnrin gidi wá tọrọ rẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn ní mọ́tò, ó sì tún ní sùúrù. Ìdáhùn kan náà ló ń fún wọn: "Ẹ má bínú. Mo lọ́kọ nílé."

Bó bá dé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà tán, Ìyá á ti béèrè.

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun, Ìyá."

"Ó yó?"

"Ó yó."

"A dúpẹ́."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pàá, ó ti gbìyànjú láti là á yé e pé àìsàn náà ni wọ́n ń tọ́, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ìyá wò ó títí. "Ara ta ni àìsàn náà ti jáde?" "Ara ọmọ yín ni, Ìyá." "Ṣó o rí i? Ọmọ tó ya ìpátá náà, ọmọ ni." Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà tán.

Iṣẹ́ náà so èso. Àlùbọ́sà rí èròjà kan tó jẹ́ pé bó bá ti kán an sára Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò, pípín dúró, sẹ́ẹ̀lì á súnkì, wọ́n á sì kú. Ó tún un ṣe títí ó fi dá a lójú. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń pè é káàkiri kó wá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn dókítà ọsibítù ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn náà wò lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun. Ohun kan ló kù. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn, kí wọ́n fi í wé ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú, kó lè dájú pé òun lòun. Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ ló dì í. Ó tẹ páálí náà fẹ́ẹ́rẹ́ kó tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó ní, "Má ṣe jalè lọ́nà o."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọ̀gá pè é. Ọ̀gá yìí ló ń darí yàrá ìwádìí náà, bàbá kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

"Jókòó, Tíṣà."

"Mo lè dúró, sà."

"Mo ní kó o jókòó."

Ó jókòó. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ilé àyẹ̀wò ti pè mí. Sẹ́ẹ̀lì tá a fi ránṣẹ́, wọ́n ní obìnrin ni."

Àlùbọ́sà rẹ́rìn-ín. "Sà, ọkọ mi kì í ṣe obìnrin. Mo lè búra."

"Èmi náà lè bá ẹ búra. Ìdí tí mo fi ní kó o jókòó nìyẹn."

"Bóyá àmì akọ ló sọnù. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbé e sọnù nígbà míì."

"Wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá wo gbogbo àmì tó kù. Kò séyìí tó bá ẹ̀jẹ̀ ọkọ ẹ mu." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ̀bìà ni, Tíṣà. Látòkè délẹ̀."

Fáànù òkè àjà ń yí. Àlùbọ́sà ń wo ẹnu Ọ̀gá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

"Ìgò oúnjẹ mélòó lò ń lò?"

"Ọ̀kan, sà. Ẹ mọ̀ pé ó wọ́n."

"Ta lo máa ń kọ́kọ́ fún?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé e.

"Wọ̀bìà."

"Ta lo máa ń fi gbẹ̀yìn?"

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí kò lè dáhùn ìyókù. Páípù kan lọ sínú àwo Wọ̀bìà, ó sì padà sínú ìgò, bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí ọwọ́ yá jù tàbí tí ojú rẹ̀ ti wà lára ẹni tó ń dúró dè é. Sẹ́ẹ̀lì Wọ̀bìà kan bọ́ sínú oúnjẹ. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á lé ọkọ rẹ̀ lórí. Lábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì kan lè jọ èkejì bí ìrẹsì ti ń jọ ìrẹsì. Àlejò náà jókòó, ó jẹun, ó bímọ, ó gba ibùsùn, títí onílé fi tán láìsí ariwo. Ká ní ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fún ni, ìgò ì bá ṣì mọ́.

"Ó ti pẹ́ tó, sà?"

"Wọn ò lè sọ. Ó lè ti tó ọdún mélòó kan."

"Ológbò ló gbé e," Àlùbọ́sà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lo wí?"

"Kò sí, sà."

Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Gbọ́ mi. Ìgò kékeré kan ṣì wà nínú táǹkì òtútù, èyí tí wọ́n dì lọ́sẹ̀ tí wọ́n gé kókó náà, kó o tó débí rárá. Tiẹ̀ gan-an nìyẹn. A lè ní a ṣèèṣì fi àwo mìíràn ránṣẹ́ ni, ká fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀. Á bá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ tán."

"Oògùn ńkọ́?"

"Bóyá á ṣì ṣiṣẹ́."

"Bóyá, sà? Aláìsàn la fẹ́ gbé e fún."

"Tíṣà, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ ń bọ̀. Wọ́n á ti yàrá yìí tí wọ́n bá gbọ́. Èmi náà, ìfẹ̀yìntì mi ti sún mọ́lé." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á.

"Ẹ jẹ́ kí n délé ná, sà."

Nílé, ó ń bọ́ bàtà, okùn rẹ̀ ta kókó sí i lọ́wọ́. Ìyá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó gbẹ.

"Ṣé ó jẹun?"

Àlùbọ́sà kúnlẹ̀ síbi tó dé. "Ìyá, kò sí níbẹ̀."

"Ta ni kò sí níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́ fún un, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ tuntun, láti orí ìgò dé orí páípù. Ìyá ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó tú u. Ó tún un ká.

"Obìnrin?"

"Obìnrin ni, Ìyá."

"Lẹ́yìn tó kú tán ló wá gbé obìnrin wọlé?" Ẹ̀rín gbígbẹ kan bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà náà. "Bàbá ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Àlùbọ́sà náà rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Obìnrin mìíràn ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbọ́ bùkátà obìnrin náà. Gbogbo ìròyìn òrùlé tó ń jò, gbogbo ẹ̀rín, gbogbo "mo ṣàárò rẹ lónìí," etí ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí. Ìyá fa orí rẹ̀ sórí itan, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife tíì náà kalẹ̀.

Ìyá ló kọ́kọ́ nu ojú.

"Kí lorúkọ ẹ̀? Obìnrin yẹn."

"A ò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Wọ̀bìà là ń pè é."

"Wọ̀bìà!" Ìyá pòṣé. "Ẹni tó ti kú, tẹ́ ẹ ń fi ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ tún wá ń bú u lójú ara ẹ̀. Èèyàn kan ló bí òun náà. Onítọ̀hún ò sì rẹ́ni bi léèrè bóyá ó jẹun."

Àlùbọ́sà wá sọ̀rọ̀ ìgò inú táǹkì, àti ohun tí Ọ̀gá fẹ́ fi ṣe.

"Wọ́n fẹ́ kó wá jẹ́rìí sí irọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọmọ mi jí ẹran o. N ò ní sọ pé kò jí. Ṣùgbọ́n tó o bá ká a mọ́ ọn, tí eegun ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, 'èmi ni' ló máa wí. Kò purọ́ rí. Kò ní tinú òtútù bẹ̀rẹ̀."

"Tí mi ò bá fi purọ́, mo lè yọ ọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀, Ìyá. Ó lè má jí. Òun nìkan ló sì kù láyé yìí."

Ìyá wo ìta láti ojú fèrèsé. Ọmọ kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì.

"Mi ò bímọ fún inú yìnyín," ó wí níkẹyìn. "Yọ ọ́. Bó bá jí, kó ṣiṣẹ́ tó torí ẹ̀ dúró. Bí kò bá jí, kó sùn."

Lọ́jọ́ kejì, Àlùbọ́sà kò lọ sí yàrá ìwádìí tààrà. Ó lọ bá Ọ̀gá, ó ní, "Sà, mo fẹ́ sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ ní èmi nìkan ni mo ṣe é. Irọ́ kọ́." Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀, kò sì nù ún lọ́tẹ̀ yìí. Àlùbọ́sà pe àwọn dókítà pé kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Ó kọ̀wé sí àwọn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n fà á yọ. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n náà wọlé padà bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan sọ ọ́ ní Ìyálé Wọ̀bìà. Ó gbọ́ ọ. Ó kí wọn, ó kọjá.

Kíláàsì ló fò ó láyà jù. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, ó gbé àlùbọ́sà kalẹ̀, kò bó o. Ó ya àwo méjì àti ìgò kan sójú pátákó, ó sì ròyìn ohun tó ṣe fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́ àfi ìnagijẹ tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi pè é. Ọmọbìnrin kan níwájú gbé ọwọ́ sókè.

"Mà, ṣé ojú ò tì yín láti sọ ọ́ fún wa?"

"Ó ń tì mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá sọ ọ́?"

"Torí ní ọjọ́ kan ẹ̀yin náà á dúró nídìí àwo, ẹ ó ní ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ìgò." Ó nu pátákó. "Ó yá, ẹni tó bá ń sunkún kó má purọ́ pé àlùbọ́sà ni. N kò tíì bó o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń nu ojú.

Wọ́n yọ ìgò náà láàárọ̀. Èéfín òtútù bo ẹnu táǹkì. Ìgò ọ̀hún kò ju ìka ọwọ́ lọ, ọwọ́ ẹni tí Àlùbọ́sà kò mọ̀ ló sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Ó dì í mú nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yìnyín inú rẹ̀ fi yọ́, ó sì dà á sínú àwo tuntun. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn léfòó. Òkú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń léfòó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Nílé, Ìyá kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ń gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un, ó ń ṣe é ní jẹ́jẹ́.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlùbọ́sà fa òkú kúrò lójú omi, ó bẹ ojú mọ́ awò. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀ ti lẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tínínrín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń na ara. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ fi wọ́n ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò bí wọ́n ti tó, èsì sì dé: òun ni.

Bí wọ́n ti pọ̀ tó, ọjọ́ oògùn pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní olólùfẹ́, ẹ bá mi wò ó. Obìnrin kan jókòó, páípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbàdúrà kí ìyókù ọkọ rẹ̀ kú. Bí wọ́n bá kú, oògùn jẹ́ òtítọ́, a ó gba ẹlòmíràn là, orúkọ rẹ̀ á sì padà bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá yè, ọkọ rẹ̀ yè, iṣẹ́ rẹ̀ kú. "Ìwọ lo rán mi," ó wí, ó sì kán oògùn náà sí i.

Wọn kò kú. Ó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá bá a ṣe é, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè sún mọ́ awò dáadáa. Oògùn tó ń pa Wọ̀bìà, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó kọjá lára òun. Àwọn aláìsàn tí à bá fi oògùn òfo tan jẹ wà ní wọ́ọ̀dù ní òkè lọ́hùn-ún, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa gbogbo rẹ̀.

"Èwo ló kù?" Ọ̀gá béèrè.

"Òmíràn, sà. À ń wá òmíràn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Oògùn yẹn ńkọ́?" Ìyá béèrè.

"Kò ràn án, Ìyá. Kò tilẹ̀ mì."

"Orí kunkun." Ìyá sún síwájú lórí àga rẹ̀. "Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun. Ìgò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fún."

"Obìnrin ọjọ́sí ńkọ́?"

"Òun náà jẹun. A ò pè é ní Wọ̀bìà mọ́. Àlejò là ń pè é."

Ìyá mi orí, ó sì tọ́ka sí tábìlì, níbi tí oúnjẹ rẹ̀ wà tí wọ́n fi abọ́ bò. Àlùbọ́sà fọwọ́, ó jókòó, ó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí abọ́ láti ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́, bó ti ń ṣe láti kékeré. Ó dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ẹran náà, ó sì fi í bẹ̀rẹ̀.